Odò Ni Wọ́n Dí, Owó Ni Kò Ṣàn

Ìsédò Ọ̀yán kò jìnnà sí Abẹ́òkúta. Nǹkan bí ogún kìlómítà ni, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, níbi tí odò Ọ̀yán àti odò Òfikì ti pàdé. Ògiri tí wọ́n fi dí omi níbẹ̀ gùn tó mítà 1,044, ó sì ga ju ọgbọ̀n mítà lọ. Bí adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá kún dẹ́nu, omi inú rẹ̀ a tó mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà, a sì tẹ́ rẹrẹ lórí ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 4,000. Ààrẹ Shehu Shagari ló ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1983. Iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n torí rẹ̀ dí odò náà: kí Èkó àti Abẹ́òkúta lè máa rí omi mu, kí hẹ́kítà 3,000 ilẹ̀ oko ní ìsàlẹ̀ odò Ògùn má ṣe gbẹ nígbà ẹ̀rùn, kí iná mẹgawọ́ọ̀tì mẹ́sàn-án sì máa jáde. Lọ́dún tí wọ́n ṣí i náà ni wọ́n gbé tọ́báìnì mẹ́ta síbẹ̀ fún iná ọ̀hún. Títí di ọdún 2007, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélógún, kò tíì sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n lò.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ mẹ́ta yìí ju ọ̀rọ̀ irin tó ń dípẹtà lọ. Inú rẹ̀ ni èèyàn ti lè ka ìtàn gbogbo àjọ tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá sílẹ̀ láti máa bójú tó odò. Méjìlá ni wọ́n lónìí. Èyí tí Ọ̀yán wà lábẹ́ rẹ̀ ni Àjọ Ìdàgbàsókè Agbègbè Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, tí àwọn ará Abẹ́òkúta mọ̀ sí Ríbà Bésìn, tí ọ́fíìsì àgbà rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Alábàtà. Ìpínlẹ̀ Ògùn, Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́ àti Èkó ló ń bójú tó. Wọ́n fún àwọn àjọ wọ̀nyí ní odò, wọ́n fún wọn ní ilẹ̀, wọ́n sì fún wọn ní owó ìkọ́lé nígbà tí owó pọ̀. Ohun tí wọn kò fún wọn ni ọ̀nà tí wọn yóò máa gbà rí owó tọ́jú ohun tí wọ́n bá kọ́.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wo àwòkọ́ṣe. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1933, nígbà tí ebi àti àìríṣẹ́ṣe gbòde kan níbẹ̀, Ààrẹ Franklin Roosevelt buwọ́ lu òfin tó dá Tennessee Valley Authority sílẹ̀. Ohun tuntun ni lásìkò náà kí àjọ kan ṣoṣo máa bójú tó odò kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìka ààlà ìpínlẹ̀ sí. Òun ni yóò kọ́ ìsédò, òun ni yóò dá omíyalé dúró, òun ni yóò la ọ̀nà fún ọkọ̀ ojú omi, òun náà ni yóò sì ta iná. Kì í ṣe pé kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nítorí ìsédò Norris nìkan, tó jẹ́ àkọ́kọ́ tí àjọ náà kọ́, nǹkan bí ìdílé 3,000 ló kó kúrò nílé wọn. Ṣùgbọ́n iná tó ń tà ló gbé e dúró. Ní 1959, àwọn aṣòfin gbà á láyè láti máa yáwó fúnra rẹ̀ lórí agbára owó iná. Nígbà tó fi máa di 1999, ìjọba Amẹ́ríkà ti dáwọ́ owó ìṣúná tó ń fún un dúró. Àjọ náà ń bọ́ ara rẹ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbé ètò yìí dé Nàìjíríà mọ apá ibí yìí dáadáa. Láàárín ọdún 1950 sí 1959, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ láti ilẹ̀ Netherlands wọn odò Ọya àti odò Bẹ́núé, wọ́n ṣírò bí omi ṣe ń pọ̀ sí i àti bó ṣe ń fà, wọ́n sì kọ ìròyìn fún ìjọba. Lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé Niger Dams Authority kalẹ̀ ní 1962, kí ó lè kọ́ ìsédò sí Kainji. Báńkì Àgbáyé wà lára àwọn tó yá ìjọba lówó iṣẹ́ náà. Nígbà tí Ọ̀gágun Yakubu Gowon ṣí i ní oṣù Kejì ọdún 1969, ogun abẹ́lé ṣì ń lọ lọ́wọ́. Nǹkan bí 44,000 èèyàn ni adágún Kainji lé kúrò ní ilẹ̀ baba wọn, omi sì bo ìlú Bussa àtijọ́, níbi tí Mungo Park ti pàdé ikú ní ọdún 1806. Ṣùgbọ́n Kainji mú iná jáde lóòótọ́, ó sì ń pa owó wọlé.

Ní 1972, ìjọba ológun kó Niger Dams Authority àti ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ìjọba pọ̀, wọ́n sì sọ wọ́n di NEPA. Láti ọjọ́ náà ni iná ti bọ́ sọ́wọ́ NEPA. Nígbà tí wọ́n wá ń dá àwọn àjọ odò sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, omi oko àti omi mímu nìkan ló ṣẹ́ kù fún wọn láti tà, àwọn tó sì máa rà á ni àgbẹ̀ tí kò lówó lọ́wọ́ àti ìjọba ìpínlẹ̀ tí kì í tètè san gbèsè. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó buwọ́ lu òfin 1972 má ro ọ̀rọ̀ odò rárá. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti gé oúnjẹ àwọn àjọ náà kúrò lẹ́nu wọn kí a tó bí wọn.

Ọ̀dá ló mú kí wọ́n dá wọn sílẹ̀ wàràwàrà. Láàárín 1972 sí 1974, òjò kọ̀ láti rọ̀ ní gbogbo ẹkùn Sàhẹ́lì, láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Ṣáàdì. Ní òkè ọya, màlúù kú lọ súà, ọkà bàbà gbẹ lóko, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì di aṣíkiri. Ní 1973, ìjọba Gowon dá àjọ méjì sílẹ̀ fún ibi tí ọwọ́ ìyà ti le jù, ọ̀kan fún agbègbè odò Sokoto àti Rima, èkejì fún agbègbè adágún Ṣáàdì. Lọ́dún kan náà ni ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Lárúbáwá àti Ísírẹ́lì, owó epo rọ̀bì sì fò sókè ní ìlọ́po mẹ́rin láàárín oṣù díẹ̀. Ìjọba tó ti ń ṣírò kọ́bọ̀ wá di ìjọba tí kò mọ ohun tí yóò fi owó ṣe. Nínú Ètò Ìdàgbàsókè Kẹta, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975, iṣẹ́ ìbomirin oko gba ipò ńlá. Nígbà tó di 1976, lábẹ́ Ọ̀gágun Olusegun Obasanjo, ìjọba gbé òfin jáde tó mú kí àjọ odò di mọ́kànlá, tí gbogbo orílẹ̀-èdè sì bọ́ sábẹ́ wọn. Ọdún yẹn náà ni Obasanjo bẹ̀rẹ̀ ètò Operation Feed the Nation.

Nínú gbogbo ìsédò ìgbà náà, ti Kano ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò, torí pé kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ ọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kano lábẹ́ Audu Bako ló dí odò Kano sí Tiga, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1974. Ó gba omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù méjì kúbíìkì mítà. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti la kòtò omi kiri ní agbègbè Kura àti Kadawa. Nǹkan bí hẹ́kítà 15,000 ni omi dé, àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ló sì ń dá a: tòmátì, ìrẹsì, wíìtì, àlùbọ́sà. Nígbà ẹ̀rùn, tòmátì tí wọ́n ń kó wọ ọjà Mile 12 ní Èkó máa ń ti irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá. Iṣẹ́ náà ní àléébù tirẹ̀. Omi tó ń dé ilẹ̀ àbàtà Hadejia àti Nguru dín kù, àwọn apẹja àti àwọn darandaran ibẹ̀ sì jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ń jáde, nítorí pé wọ́n la kòtò omi dé etí oko, wọn kò fi owó parí sí ara ògiri ìsédò nìkan.

Ti Bakolori ò rí bẹ́ẹ̀. Odò Sokoto ni wọ́n dí níbẹ̀, ìsédò náà sì parí ní 1978. Omi tó gbà tó mílíọ̀nù 450 kúbíìkì mítà. Ilé iṣẹ́ Impresit Bakolori, tó ní ọwọ́ ilé iṣẹ́ Fiat ti Ítálì nínú, ló gba iṣẹ́ náà. Láti tẹ́ ilẹ̀ fún ìbomirin, wọ́n gbé katakata wọ oko àwọn àgbẹ̀, wọ́n gé igi eléso lulẹ̀, wọ́n sì ba ohun ọ̀gbìn jẹ́. Àwọn tó pàdánù ilẹ̀ béèrè owó gbà-má-bìínú, wọn ò rí i gbà bó ṣe yẹ. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò, tí kò tilẹ̀ sí nínú ètò náà, rí i pé omi tó máa ń kún bo ilẹ̀ fàdámà wọn lọ́dọọdún ò wá mọ́. Àwọn àgbẹ̀ dí ọ̀nà, wọ́n sì dá iṣẹ́ dúró. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1980, ọlọ́pàá ya wọ àwọn abúlé náà, wọ́n yìnbọn, wọ́n sì dáná sun ilé. Iye tí ìjọba sọ pé ó kú kéré gan-an sí iye tí àwọn ará àdúgbò àti àwọn oníwàádìí kà. Ìpínlẹ̀ Sokoto, níbi tí Bakolori wà nígbà náà, sì ni ìpínlẹ̀ tí Ààrẹ Shagari fúnra rẹ̀ ti wá.

Iṣẹ́ South Chad ní Bọ̀rọ̀nú kùnà lọ́nà tirẹ̀. Hẹ́kítà 67,000 ni wọ́n ní àwọn fẹ́ bomi rin, wọ́n sì gbẹ́ ìyàrà ńlá láti fa omi wá láti inú adágún Ṣáàdì. Adágún náà, tó tẹ́ tó 25,000 kìlómítà níbùú lóròó ní àwọn ọdún 1960, ti sún sẹ́yìn kúrò ní ẹnu ìyàrà náà kí iṣẹ́ tó dé ìdajì. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1980, omi tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ò tó ìdá mẹ́wàá. Ẹ̀rọ tó yẹ kó fa omi dúró sí ibi tí kò sí omi. Àwọn tó gbé ètò kalẹ̀ wo adágún ní àsìkò tó kún, wọ́n sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wà títí.

Nígbà ìjọba Shagari, àwọn àjọ odò di ibi tí òṣèlú ti ń pín oore. Wọn kò mọ sí omi mọ́. Wọ́n ń pín ajílẹ̀, wọ́n ń yá àgbẹ̀ ní katakata, wọ́n ń dá oko ńláńlá tiwọn, wọ́n ń sin adìẹ. Ẹni tí ẹgbẹ́ òṣèlú bá fẹ́ ṣe lóore ni wọ́n ń fi sínú ìgbìmọ̀ alákòóso. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n kọ́ Ọ̀yán, ìgbà yẹn ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìsédò Ikere Gorge lórí odò Ògùn, lápá ibi tí Ìṣẹ́yìn wà. Gbogbo rẹ̀ wà lórí owó epo. Owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ láti 1981, ó sì já lulẹ̀ pátápátá ní 1986.

Àtúntò ò dáwọ́ dúró láti ìgbà náà. Ní 1984, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari sọ àwọn àjọ náà di méjìdínlógún, wọ́n sì fi iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìgbèríko kún tiwọn. Kò ju ọdún méjì lọ tí ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fi dá wọn padà sí mọ́kànlá. Ó ní kí wọ́n fi oko dídá àti adìẹ sínsìn sílẹ̀, kí wọ́n ta àwọn ohun ìní tí kò kan omi, kí wọ́n gbájú mọ́ odò. Ní 1988 wọ́n tún kọ orúkọ wọn mọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba tó gbọ́dọ̀ máa ṣe òwò díẹ̀díẹ̀ láti fi gbọ́ bùkátà ara wọn. Àpá tí gbogbo gbígbé-sókè-gbé-sílẹ̀ yìí dá sára wọn kò tíì jinná. Ní gbogbo ìgbà tí orúkọ bá yí padà, àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ a túká, ìwé àkọsílẹ̀ òjò àti omi odò a sọnù, katakata a di ti ẹlòmíràn.

Òfin tó dá wọn padà ní 1986 fún wọn láṣẹ láti máa ta omi ní iye tí mínísítà bá fọwọ́ sí. Lórí ìwé, ọ̀nà àtijẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìjọba ò lè gbé owó omi oko sókè kó kọjá ohun tí àgbẹ̀ onírẹsì lè san, bẹ́ẹ̀ ni kò rọrùn fún àjọ ìjọba àpapọ̀ láti dí ẹ̀rọ omi pa mọ́ ìpínlẹ̀ kan nítorí gbèsè. Nítorí náà, Àbújá ni wọ́n ń wojú. Ìṣúná ọdọọdún ló ń san owó oṣù wọn, ìṣúná náà ló ń san owó iṣẹ́ àkànṣe wọn, nígbà tó bá dé. Ẹni tó bá mọ bí ìṣúná Nàìjíríà ṣe ń lọ mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé lóṣù Kìíní lè má dọ́wọ́ àjọ títí ọdún á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Òjò kì í dúró de Àbújá. Kòtò omi tí yẹ̀pẹ̀ àti koríko dí lóṣù Kẹrin kò ṣeé fi sílẹ̀ di oṣù Kọkànlá, ilẹ̀kùn ìsédò tó ń jo lóṣù Keje gbọ́dọ̀ gba àtúnṣe kí oṣù Kẹsàn-án tó wọlé.

Ohun kan tún wà nínú ìṣúná yẹn tó yẹ kí àwọn olùdìbò máa béèrè nípa rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba alágbádá ti padà dé ní 1999, àwọn aṣòfin ti sọ àwọn àjọ odò di àpò tí wọ́n ń kó iṣẹ́ àkànṣe ẹkùn ìdìbò wọn sí. Ẹni tó bá ka ìṣúná àwọn àjọ náà yóò rí kànga ẹ̀rọ, iná sólà ojú títì, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ọ̀nà àdúgbò, alùpùpù tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn ọ̀dọ́. Kò sí ẹni tó kórìíra iná sólà. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n kọ sí orúkọ àjọ odò ni, ilẹ̀kùn ìsédò àti kòtò omi kì í sì í ṣe ohun tí aṣòfin lè gé ríbọ́ọ̀nù sí lára.

Ní ti Ọ̀yán, iṣẹ́ kan ń lọ dáadáa, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ láti ibẹ̀ ń ṣàn wọ odò Ògùn títí dé Àkútẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ Èkó ti ń fà á lọ sí Ìjù àti Adíyan. Nígbà ẹ̀rùn, nígbà tí odò Ògùn ì bá ti fà, omi Ọ̀yán ni ọ̀pọ̀ ará Èkó tí ẹ̀rọ ìjọba ṣì ń yọ lọ́dọ̀ wọn ń mu láìmọ̀.

Àwọn tó sún mọ́ omi náà jù lọ ni kò gbádùn rẹ̀. Nígbà tí adágún kún, àwọn abúlé tó wà níbẹ̀ kó lọ sí ibùdó tuntun létí omi, lára wọn ni Ìbàrò, Abúlé Titun àti Apójọlá. Ọ̀pọ̀ nínú ibùdó wọ̀nyí ò ní omi mìíràn ju adágún lọ. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń pọnmi, inú rẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń fọṣọ, tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́, inú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń wẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kó àtọ̀sí ajá, àrùn tí kòkòrò kan tó ń gbé inú ìgbín ń fà. Omi tó ń sáré kì í jẹ́ kí ìgbín kéékèèké inú omi rójú jókòó. Omi tó dúró, tí koríko hù sí létí, ni wọ́n fẹ́. Bí ọmọ tó ti ní àtọ̀sí ajá bá tọ̀ sínú adágún, ẹyin kòkòrò náà a pa, ọmọ rẹ̀ a wọ inú ìgbín lọ, a pọ̀ sí i níbẹ̀, a sì jáde wá gba awọ ara ẹlòmíràn wọlé. Láìpẹ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn oníwàádìí tó lọ sí àwọn ibùdó wọ̀nyí láti àwọn ọdún 1980 ti rí àrùn náà lára àwọn ọmọ léraléra. Oògùn rẹ̀, praziquantel, wà, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lo oògùn lónìí tó sì padà sínú adágún lọ́la yóò tún un kó. Kànga ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ní abúlé kọ̀ọ̀kan ni ì bá gé àrùn náà kúrú, kò sì tó ẹ̀kán owó tí wọ́n fi kọ́ ìsédò.

Ní ìsàlẹ̀ odò, ẹ̀rù mìíràn ló wà. Ẹni tó ń ṣọ́ ìsédò ní iṣẹ́ méjì tó tako ara wọn. Ó fẹ́ kí adágún kún kí òjò tó dáwọ́ dúró, kí omi lè tó Èkó àti Abẹ́òkúta mu títí oṣù Kẹrin. Ó sì gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí òjò oṣù Kẹsàn-án àti ìkẹwàá má ṣe bo ògiri mọ́lẹ̀. Láti mọ iye tó yẹ kó tú sílẹ̀, ó nílò ẹ̀rọ tó ń ka òjò lókè odò, ní ìhà Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn, kí ó lè rí omi tó ń bọ̀ lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú. Níbi tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá ti bàjẹ́ tí kò sí owó láti tún un ṣe, ojú ni yóò fi máa wo adágún. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, omi tí wọ́n tú láti Ọ̀yán lẹ́yìn òjò ńlá ya wọ Ajégúnlẹ̀ tó wà lọ́nà Ìkòròdú àti àwọn àdúgbò mìíràn létí odò Ògùn, ọ̀pọ̀ ìdílé sì sá fi ilé sílẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn ará Ìṣẹrì kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìkìlọ̀ Ríbà Bésìn nígbà òjò. Òótọ́ ni pé àwọn kan kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi. Òótọ́ náà ni pé ìjọba ló ta ilẹ̀ náà fún àwọn mìíràn nínú wọn, tàbí tó gbà wọ́n láyè láti kọ́ ọ.

Ikere Gorge tóbi ju Ọ̀yán lọ. Omi tó lè gbà tó mílíọ̀nù 690 kúbíìkì mítà, wọ́n sì ní yóò mú iná mẹgawọ́ọ̀tì mẹ́fà jáde, yóò fún Ìṣẹ́yìn, Òkèhò àti Ìgànná ní omi, yóò sì rin ilẹ̀ oko Òkè Ògùn tó lọ salalu. Ìjọba ológun tó gba agbára ní òpin 1983 kò fi iṣẹ́ náà ṣe ohun àkọ́kọ́. Ọdún gorí ọdún, omi wà lẹ́yìn ògiri, àwọn apẹja ń rí ẹja pa, àgbẹ̀ Òkè Ògùn sì ṣì ń wo ojú ọ̀run kí ó tó gbin àgbàdo. Òkè Ògùn wà lára àwọn tó ń bọ́ Ìbàdàn. Bí omi Ikere bá dé oko wọn nígbà ẹ̀rùn, iye tí tòmátì àti ata ń wọ́n dé lóṣù Karùn-ún ì bá dín kù.

Ta ló tilẹ̀ ni odò? Ìwé òfin 1999 fi omi tó bá kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, òfin ilẹ̀ 1978 sì fi ilẹ̀ tí omi náà ń gbà kọjá sí ọwọ́ gómìnà. Nígbà tí ìjọba Buhari gbé àbádòfin omi wá síwájú àwọn aṣòfin ní 2017, tó sì tún gbé e padà wá ní 2020, ariwo ta. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní gúúsù, Wole Soyinka wà lára wọn, sọ pé wọ́n fẹ́ gba odò àti etídò lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Nínú gbogbo ariwo náà, ìwọ̀nba èèyàn ló béèrè pé ta ni yóò máa san owó ìtọ́jú odò ọ̀hún.

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn dé ní ọ̀nà tó burú ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Ní òru ọjọ́ náà, ìsédò Alau tó wà nítòsí Maiduguri, tí wọ́n kọ́ láàárín 1984 sí 1986 lábẹ́ àjọ agbègbè adágún Ṣáàdì, ya. Omi gba inú ìlú kọjá. Ó wó ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó wọ ilé ìwòsàn, ó kó ẹranko inú ọgbà ẹranko jáde sí ìgboro. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn kú, ọ̀kẹ́ àìmọye sì di aláìnílé, àwọn kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí ogun Boko Haram ti lé wá sí Maiduguri tẹ́lẹ̀. Bílíọ̀nù 80 náírà ni ìjọba àpapọ̀ wá yà sọ́tọ̀ lẹ́yìn náà láti tún ìsédò náà kọ́. Owó tí wọn ì bá fi tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe lásìkò kò lè sún mọ́ iye yẹn.

Lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ̀yáwó ni ìjọba ń lò láti sọ àwọn iṣẹ́ náà jí. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 495 dọ́là fún ètò tí wọ́n pè ní TRIMING, tó tún kòtò omi ṣe ní Bakolori, ní agbègbè odò Kano, ní Hadejia, ní Middle Rima àti ní Dadin Kowa. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, oṣù tí Alau ya gan-an, báńkì náà tún fọwọ́ sí mílíọ̀nù 500 dọ́là fún ètò SPIN, tó wà fún ìbomirin oko, ààbò ìsédò àti iná láti ara omi. Ọ̀rọ̀ iná ti padà wọ inú ètò odò, lẹ́yìn ọdún méjìléláàádọ́ta tí wọ́n ti yọ ọ́.

Èyí tó dára jù nínú ètò TRIMING kò fi bẹ́ẹ̀ ná wọn lówó. Wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ tó ń lo kòtò kan náà kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́, kí wọ́n yan olórí àti akápò, kí wọ́n máa pín omi láàárín ara wọn, kí wọ́n máa gba owó omi, kí wọ́n sì máa ro koríko kúrò nínú kòtò kéékèèké tiwọn. Ní Bakolori, níbi tí ọlọ́pàá ti yìnbọn fún àgbẹ̀ ní 1980, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà báyìí. Bí àgbẹ̀ bá rí i pé owó tí òun san ló tún ẹnu omi oko òun ṣe, yóò tún san òmíràn. Ìyàrà ńlá, ògiri àti ilẹ̀kùn irin ìsédò kọjá agbára irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n, ní Bakolori bí ó ti rí ní Ọ̀yán àti Ikere, owó ìtọ́jú wọn sì ṣì wà nínú ìṣúná ọdọọdún kan náà, ní ìlà kan náà pẹ̀lú iná sólà àti alùpùpù.